Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Lórí Treadmill: Ọkàn Ta Ni Wọ́n Fi Ṣe Òṣùwọ̀n?

Àkọsílẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Inú yàrá mi ní Ìṣẹ̀rí-Olófin ni mo ti gbà á sílẹ̀, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, nítorí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ á gbọ́ kékè méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Orí àtẹ̀gùn ilé wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Òkè la ń gbé, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì jẹ́ méjìdínlógún. Láti ìgbà tí mo ti wà ní JSS 2 ni Màámi ti ń gùn ún tòun ti ẹrù ọjà Ìkọ̀tún lọ́wọ́, tí mo sì máa ń mọ ìró ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. Lọ́dún tó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹsẹ̀ á dún, á dún, á wá dákẹ́ ní àárín. Ìgbà tó bá yá ni á tún bẹ̀rẹ̀. Màámi ní ọjọ́ orí ni. Ẹ̀gbọ́n wọn ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, torí lójú ẹ̀gbọ́n wọn, kò sí ohun tí kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni ọdún 58 ni Màámi.

Dókítà tí a kọ́kọ́ rí wọn ìfúnpá wọn, ó ga, ó sì kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn. Ó ṣe dáadáa títí dé ibẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo bi í pé ṣé kì í ṣe pé iṣan ọkàn wọn ti ń dí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àìsàn tí ò ń sọ yẹn, àwọn ọkùnrin olówó ló máa ń ṣe."

Mo rò ó títí mo fi délé. Kì í ṣe pé dókítà náà jẹ́ èèyàn burúkú. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló sọ. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú gbólóhùn rẹ̀, "ọkùnrin" àti "olówó", ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ìtàn tirẹ̀. Ìtàn méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, àti ìtàn ẹ̀rọ kan tó wà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Iṣẹ́ ọkàn ni láti ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá àti àwọn nǹkan líle lè lẹ̀ mọ́ inú wọn, kí ọ̀nà sì fún. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ lè má mọ̀. Ẹ wo ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ̀rí ní aago mẹ́ta òru: bí wọ́n tiẹ̀ gbẹ́ ìdajì rẹ̀, ọkọ̀ á ṣì máa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé lẹ máa tó mọ̀ pé ọ̀nà ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà inú ọkàn ṣe rí fi ní láti dá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Á ní kí aláìsàn ṣiṣẹ́, á sì máa wò ó.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ìrìn ló ń tú àṣírí àìsàn yìí. Ní 1768, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ William Heberden ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: ìnira kan tó ń dì mọ́ èèyàn láyà bó bá ń rìn, pàápàá bó bá ń gun òkè lẹ́yìn oúnjẹ, tó sì máa ń lọ bó bá ti dúró. Òun ló sọ ọ́ ní angina pectoris, orúkọ tí wọ́n ṣì ń pè é títí dòní. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1802, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sọ nípa ọkùnrin kan tó ń fi ayùn rẹ́ igi fún ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ títí ara rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yá tán. Ìtàn igi yẹn dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ ohun mìíràn wà nínú ìwé kan náà. Ó ní àwọn tí òun ti rí tí àìsàn náà ń ṣe tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Obìnrin inú wọn? Mẹ́ta péré.

Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé mẹ́ta ló ní i, àbí mẹ́ta ló rí owó àti àyè láti dé ọ̀dọ̀ dókítà ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà? Àbí àwọn yòókù wá, tí wọ́n sọ pé ó ń rẹ àwọn, tí ẹ̀yìn ń dun àwọn, tí kò sì sí ẹni tó kà á sí ti ọkàn? Ìwé kò lè dá wa lóhùn. Ohun tó dá mi lójú ni pé láti ọjọ́ yẹn lọ, nígbà tí àwọn dókítà bá ya àwòrán aláìsàn yìí sọ́kàn, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni wọ́n ń yà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Willem Einthoven ní Nẹ́dálándì ṣe ẹ̀rọ tó ń ya iná mànàmáná inú ọkàn sórí ìwé, èyí tí à ń pè ní ECG. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Ní 1929, ní New York, Arthur Master gbé àtẹ̀gùn onígi kan kalẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjì péré ló ní, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 9. Aláìsàn á máa gùn ún ní àgùntúngùn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, dókítà á sì ka bí ọkàn ṣe ń lù àti bí ìfúnpá ṣe lọ sókè. Nígbà tó yá ni wọ́n fi ECG kún un. Ó wù mí kí n yin ọkùnrin yìí díẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n tó kọ sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan fún gbogbo ayé. Ó ya ti ọkùnrin sọ́tọ̀, ó ya ti obìnrin sọ́tọ̀, ó sì wo ọjọ́ orí àti ìwúwo èèyàn mọ́ ọn.

Ẹni tó wá sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni Robert Bruce, dókítà ọkàn ní Seattle, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ treadmill ni tirẹ̀, irú èyí tó wà ní jíìmù, tí rọ́bà rẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Ìlànà tó tẹ̀ jáde ní 1963 ni wọ́n ṣì ń lò ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn láyé títí di àárọ̀ yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ló pín in sí. Ìpele kìíní rọra ń lọ, bíi kìlómítà 2.7 láàárín wákàtí kan, àmọ́ ẹ̀rọ ti dagun díẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó yára sí i, ó tún dagun sí i. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí aláìsàn á fi ní ó tó, tàbí tí dókítà á fi rí nǹkan tí kò dára. Ìlà kan wà lórí ECG tí wọ́n máa ń ṣọ́. Bó bá wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí èèyàn ń rìn, wọ́n á ní ó ṣeé ṣe kí ebi ẹ̀jẹ̀ máa pa ọkàn.

Lára ọkùnrin, ìlà yẹn ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n àyè kan. Nígbà tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹ̀rọ náà ni wàhálà dé. Ìlà á wọlẹ̀, wọ́n á gbé obìnrin lọ ya àwòrán iṣan ọkàn rẹ̀, wọ́n á rí i pé ọ̀nà mọ́ kedere. Ní 1975, Michael Sketch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé ìtanijẹ yìí pọ̀ lára obìnrin ju ti ọkùnrin lọ gan-an.

Kí ló fà á? Àwọn kan nàka sí èròjà oestrogen tó wà lára obìnrin, pé ó lè mú kí ìlà náà tẹ̀ bí ọkàn kò tilẹ̀ ní nǹkan kan. Àwọn mìíràn ní ìṣòro lè wà ní àwọn iṣan tó kéré jù, tí àwòrán kò lè fi hàn, nítorí náà pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìtanijẹ. Àmọ́ ìdí kan wà tó jẹ́ ìṣirò lásán. Ẹ má sá lọ, kò le.

Ní 1999, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé nínú obìnrin 100 tó ní àìsàn náà lóòótọ́, ECG orí treadmill ń rí nǹkan bí 61. Nínú 100 tí kò ní in, ó ń dá nǹkan bí 70 láre, ó sì ń parọ́ mọ́ 30. Ẹ wá mú obìnrin 100 tí ara wọn le, kí á ní márùn-ún péré nínú wọn ló ní àìsàn. Ẹ̀rọ á rí mẹ́ta nínú márùn-ún yẹn. Nínú 95 tó kù, á parọ́ mọ́ nǹkan bí 28. Èèyàn 31 ni á gba ìwé tí wọ́n kọ "positive" sí, mẹ́ta péré ló sì jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ kan náà fún àwọn ọkùnrin àgbà tí àyà ń dùn, tí ìdajì wọn ní àìsàn náà, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ẹni tó bá nàka sí ni yóò jẹ́ òótọ́. Bó bá ń pe olè láàárín olè, yóò jàre. Bó bá ń pe olè láàárín àwọn tó wá kí ìyàwó, ìjà ni yóò dá sílẹ̀.

Ó yẹ kí ẹnì kan jókòó nígbà náà kó ṣe òṣùwọ̀n tí yóò bá obìnrin mu. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ṣe ni pé wọ́n ní ara obìnrin ló ṣòro kà. Wọ́n sì ń ṣe ìwádìí ńláńlá lọ láìsí obìnrin níbẹ̀. Ìwádìí MRFIT, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1982, lo ọkùnrin 12,866, kò sí obìnrin kankan. Èyí tí wọ́n fi mọ̀ bóyá aspirin ń dáàbò bo ọkàn, tí èsì ìparí rẹ̀ jáde ní 1989, lo dókítà 22,071, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní 1964, wọ́n tilẹ̀ ṣe àpérò ńlá kan lórí àrùn ọkàn fún àwọn obìnrin. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn níbẹ̀? Bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ọkàn ọkọ wọn.

Kí n má parọ́ mọ́ gbogbo wọn o. Ìwádìí Framingham, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 pẹ̀lú èèyàn 5,209, gba obìnrin wọlé, àwọn obìnrin tilẹ̀ lé ní ìdajì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rí i níbẹ̀ pé àyà dídùn kì í sábà yọrí sí ìkọlù ọkàn lójijì lára obìnrin bíi ti ọkùnrin, ohun tí àwọn dókítà mú lọ sílé ni pé ti obìnrin kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní 1991 ni Bernadine Healy, dókítà ọkàn tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó darí NIH, àjọ ìwádìí ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan tó ta wọ́n jí. Ó fi ìtàn Yentl ṣe àkàwé, ọmọbìnrin Júù kan tó múra bí ọkùnrin kí wọ́n lè jẹ́ kó kàwé. Healy ní obìnrin ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé àìsàn òun dà bíi ti ọkùnrin kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ bí ọkùnrin. Ní 1993, òfin dé ní Amẹ́ríkà pé ìwádìí tí NIH bá fowó sí gbọ́dọ̀ ní obìnrin nínú.

Ìyẹn ni ìtàn "ọkùnrin". Ti "olówó" kò jìnnà, Ìbàdàn ni.

Láyé àwọn amúnisìn, ohun tí wọ́n ń kọ ni pé àrùn iṣan ọkàn ṣọ̀wọ́n lára aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà, pé àìsàn àwọn tó ti lajú tó sì ń jẹ ọ̀rá ni. Kì í ṣe irọ́ tí wọ́n kàn jókòó pa. Nígbà tí UCH ṣílẹ̀kùn ní Ìbàdàn ní 1957, tí àwọn dókítà ibẹ̀ ń ka aláìsàn wọn, ohun tí àwọn náà rí nìyẹn. R. Carlisle àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Theophilus Oladipo Ogunlesi kọ àkọsílẹ̀ àwọn àgbàlagbà tó wá sí ẹ̀ka ọkàn ní UCH ní 1968 àti 1969. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ohun tó ń ṣe fún ọkàn ló wà níwájú. Àrùn iṣan ọkàn dídí wà lẹ́yìn pátápátá. Ní 1973, Ayodele Falase, tó padà di Gíwá Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Cole àti Osuntokun, kọ̀wé lórí ìkọlù ọkàn lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Kò pọ̀, àmọ́ ó wà.

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn gan-an. Ogunlesi ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Ìbàdàn, òun náà ló wà nídìí ètò Ìbàràpá ní Igbó-Ọrà ní 1963, tí wọ́n fi ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde ní ìgboro lọ bá àwọn ará oko. Ó kú ní 2023, ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tí wọ́n kà ní 1968 jẹ́ òótọ́ ọdún 1968. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òótọ́ ọdún 1968 náà ni dókítà wa ń sọ fún Màámi ní Alimọ́ṣọ́ lóde òní, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ìkànìyàn 2006 rí èèyàn 1,277,714 nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa ń jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, tí indomie jẹ́ oúnjẹ alẹ́. Ní 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Simeon Isezuo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí iṣan ọkàn wọn dí lójijì, tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn káàkiri Nàìjíríà. Iye wọn lé ní 1,000. Àwọn tó délé ìwòsàn nìyẹn o.

Treadmill náà kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1988, Balogun, Ajayi àti Ladipo láti Ilé-Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde tí wọ́n fi treadmill wo àwọn tí ìfúnpá wọn dára, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti sọ ọkàn wọn di aláàárẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á ni mo rí ohun tó kan Màámi jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí iṣan ọkàn nípọn. Ọkàn tó nípọn sì lè tẹ ìlà ECG fúnra rẹ̀, kódà bí kò bá sí ìdínà kankan nínú àwọn iṣan. Ẹ kó o jọ: obìnrin, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, lórí ẹ̀rọ tí ìlà rẹ̀ lè parọ́ nítorí ìkíní, tó tún lè parọ́ nítorí ìkejì.

Nígbà náà, kí ló kù tí ẹ̀rọ náà lè sọ fún wa? Ibi tí ìtàn yìí ti yí padà nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n fi yí i. Ìbéèrè ni wọ́n yí padà.

Ní 1992, ní agbègbè Chicago, wọ́n pe àwọn obìnrin pé kí wọ́n wá gun treadmill. Wọn kì í ṣe aláìsàn. Obìnrin tó ti pé ọdún 35 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, tí kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Obìnrin 5,721 ló rìn lórí ìlànà Bruce. Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún mẹ́jọ láti mọ ẹni tó kú àti ẹni tó wà. Martha Gulati ló síwájú àwọn tó tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2003. Kì í ṣe bí ìlà ṣe wọlẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́. Ohun tí wọ́n bi ẹ̀rọ ni: obìnrin yìí, ibo ló rìn dé?

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní MET. MET kan ni agbára tí èèyàn ń lò bó bá jókòó tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá parí ìpele kìíní Bruce ti dé nǹkan bíi MET márùn-ún, ìpele kejì jẹ́ nǹkan bíi méje. Wọ́n rí i pé bí obìnrin bá fi MET kan ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ewu ikú rẹ̀ dín ní ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí kò lè dé MET márùn-ún wà nínú ewu tó tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tó kọjá mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ obìnrin sọ ohun tí ìlà kò lè sọ.

Ní 2005, wọ́n fún wa ní ìṣirò rẹ̀: ẹ fi ọjọ́ orí obìnrin lọ́po 0.13, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 14.7. Iye MET tó yẹ kó dé nìyẹn. Ẹni tí kò bá dé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ewu ikú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Ní 2010, wọ́n tún fọwọ́ kan nǹkan kan tí gbogbo ènìyàn ń lò láì bi í léèrè. Ẹ ti rí i ní jíìmù rí: 220 yọ ọjọ́ orí, pé ibẹ̀ ni ọkàn lè lù dé. Wọ́n ní fún obìnrin, 206 ni, kí ẹ yọ ọjọ́ orí lọ́nà 0.88 kúrò nínú rẹ̀. Àlébù iṣẹ́ Chicago yẹn ni pé aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn obìnrin náà. Kò sẹ́ni tó ti wọn 5,000 ìyá ọlọ́jà ní Ìkọ̀tún. Àmọ́ obìnrin náà ni wọ́n, ìyẹn sì sàn ju òṣùwọ̀n tí obìnrin kankan kò sí nínú rẹ̀.

Ní 2011, ìwádìí mìíràn tọ́ka sí ohun tó kan àpò wa. Wọ́n mú obìnrin 824 tí ara wọn ń sọ nǹkan, tí wọ́n sì lè rìn. Wọ́n fún àwọn kan ní treadmill lásán, wọ́n fún àwọn yòókù ní treadmill pẹ̀lú àwòrán olówó gọbọi. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí nǹkan ṣe rí fún apá méjèèjì kò yàtọ̀, àmọ́ owó tí treadmill lásán ná kéré gan-an.

Gbogbo ìwọ̀nyí kò sí lórí mi lọ́jọ́ tí dókítà kejì kọ̀wé pé ká lọ ṣe é. Àbúrò mi ọkùnrin ló wà wá lọ. Màámi wọ kámúbọ́ọ̀sì mi, wọ́n wọ ṣòkòtò eré ìdárayá mi, wọ́n wé gèlè kékeré kan sórí, wọ́n ní àwọn kò lè lọ síta bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ti rí ẹ̀rọ náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi ni mo ń sanwó kí n lè rìn? Mo ti rìn láti Ìdímù dé Ìkọ̀tún lófẹ̀ẹ́. Olófin tó ti Ifẹ̀ wá kò gun ẹ̀rọ kankan." Ọmọkùnrin tó ń lẹ wáyà mọ́ wọn láyà náà rẹ́rìn-ín. "Mummy, bó bá ti rẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi o."

Ìpele kìíní, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ìpele kejì, wọ́n dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ti orí àtẹ̀gùn ni. Nígbà tí ìpele kẹta bẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀rọ tún dagun, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 5.

Ìwé tí wọ́n fún wa sọ nǹkan méjì. Èkíní, "positive": ìlà wọlẹ̀. Èkejì, pé wọn kò dé ìwọ̀n ìlùkìkì ọkàn tó yẹ. 138 ló yẹ, 134 ni wọ́n dé. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, bọ̀dá Màámi ti ń pe agbódegbà nítorí ilẹ̀ Ayọ̀bọ̀, pé ká tà á, ká gbé wọn lọ sí Íńdíà. Màámi jókòó sórí àga, wọ́n ń tún ìdí gèlè tẹ̀. Wọn kò sọ nǹkan kan. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí mo kà fún yín yìí, lórí fóònù, títí data mi fi tán.

Mo ṣírò tiwọn. 138 yẹn, inú 220 ni wọ́n ti yọ ọ́: 220 yọ 58 jẹ́ 162, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì ni 138. Bí wọ́n bá lo ti obìnrin, 155 ni, ìdá 85 rẹ̀ jẹ́ 132. Màámi dé 134. Wọ́n dé e, wọ́n sì kọja rẹ̀. Èkejì, MET tó wà lórí ìwé náà, tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa nípa rẹ̀, jẹ́ 6.5. Obìnrin ọdún 58 yẹ kó dé nǹkan bí 7.2. Ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ẹ̀rọ ìgbóhùnsílẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n tẹ̀. Nítorí náà mo kọ ìṣirò náà sórí ìwé, a sì gbé e padà lọ bá dókítà kejì yẹn, obìnrin ni. Mo rò pé yóò bínú. Ó gba ìwé náà, ó wò ó, ó ní òun náà ti fẹ́ béèrè MET ọ̀hún. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì ta ilẹ̀. Ó ní ká kọ́kọ́ ya àwòrán ọkàn, ká mọ̀ bóyá ó ti nípọn. Ó ti nípọn lóòótọ́. Ó sì sọ fún wa láìfi pa mọ́ pé ìyẹn lè jẹ́ gbogbo ìdí tí ìlà fi wọlẹ̀, ó sì lè má jẹ́ gbogbo rẹ̀, nítorí pé obìnrin tó ń dúró ní àárín àtẹ̀gùn kì í ṣe ẹni tí èèyàn máa fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ó yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn padà. Àyẹ̀wò tí yóò fi inú àwọn iṣan náà hàn gan-an ṣì kù, owó rẹ̀ là ń kó jọ báyìí; àjọ Màámi á bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní oṣù tó ń bọ̀.

Ní báyìí, mo máa ń jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, mo ń ka àtẹ̀gùn. Kí wọ́n tó yí oògùn náà padà, ìkọkànlá ni wọ́n ti máa ń dúró. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó di ìkẹrìnlá. Wọ́n bá mi níbẹ̀ tí mò ń kà, wọ́n ní, "Kí lò ń wá lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Wá gba ẹrù lọ́wọ́ mi."